Ìyá Ọkọ Mi Tí Kò Mọ̀wé Ló Kọ́ Mi ní Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi. Ẹ jẹ́ kí n kúkú ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi, kó tó di pé mo gbàgbé ibi tó ti dùn àti ibi tó ti dunni.

Ìgànná ni mo ń gbé, gàrí la sì ń ṣe. Èmi àti ìyá ọkọ mi la jọ ń bẹ ẹ̀gẹ́, àwa náà la jọ ń yan gàrí. Ṣùgbọ́n láti kékeré, tíṣà ni mo fẹ́ jẹ́. Mo lóyún Sékínà, àkọ́bí mi, nígbà tí mo wà ní SS2, ìwé bá dúró síbẹ̀. Ìgbà tí ọmọ mi kẹta já lẹ́nu ọmú ni mo tó padà sídìí ẹ̀. Nínú ìdánwò àṣejáde, gbogbo iṣẹ́ yòókù ni mo yege. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló kọ̀! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é, ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbé mi ṣubú. Bẹ́ẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ò ní gbà mí láìsí kírẹ́díìtì nínú rẹ̀. Mo wá sọ fún ọkọ mi pé ẹ̀kẹrin yìí ni àṣemọ. Bí mo bá tún fèèlì, n ó gba kámú, n ó sì gbàgbé ọ̀rọ̀ tíṣà.

Kí ló ń dà mí láàmú gan-an? Kì í ṣe àwọn ọ̀rọ̀ ńláńlá o. Àwọn kéékèèké ni! Ẹ wo "run". Èmi mọ̀ pé kéèyàn máa sáré ni. Mo dé inú ìdánwò, mo bá imú tó ń "run", mo bá iyọ̀ tó "run out", mo tún bá obìnrin kan tó ń "run" ṣọ́ọ̀bù. Ta ló ń lé gbogbo wọn?

Tíṣà kan nílé ìwé àwọn ọmọ mi gbà mí nímọ̀ràn pé kí n máa mú ọ̀rọ̀ kan péré lójúmọ́, kí n kọ gbogbo ìtumọ̀ rẹ̀ sínú ìwé, kí n sì máa kà á títí yóò fi wọ̀ mí lórí. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ọwọ́ wo ni n ó fi di ìwé mú, nígbà tí ọ̀bẹ àti ẹ̀gẹ́ ti gba méjèèjì? Mo bá ń kà á jáde lẹ́nu bí mo ti ń bẹ ẹ̀gẹ́ lọ.

Ìyá ọkọ mi ò mọ̀wé rárá. Àtàǹpàkò ni wọ́n fi ń tẹ ìwé. Lọ́jọ́ tí mo ń ka "break", wọ́n dá ọ̀bẹ dúró, wọ́n ń wò mí.

"Ìyá Sékínà, kí lo ń sọ sí ẹ̀gẹ́ yìí láti àárọ̀?"

Mo ṣàlàyé. Wọ́n ní kí n ka ìtumọ̀ rẹ̀ fún àwọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní àwo tó fọ́, wọ́n "break" ẹ̀ ni. Ẹni tó yẹ àdéhùn náà "break" ẹ̀. Bílẹ̀ bá ń mọ́ bọ̀, "break" ni. Ẹni tó gba ààwẹ̀ náà, tí àkókò bá tó, á "break" ẹ̀.

"Háà! Àwọn òyìnbó náà ń ṣínu?"

Mo rẹ́rìn-ín débi pé ọ̀bẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ gé mi lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n Ìyá ò fi ṣeré ní tiwọn. Wọ́n dìde, wọ́n mú àjákù àńkárá pupa kan wá, wọ́n ní kí n tún un kà. Bí mo bá ti dárúkọ ìtumọ̀ kan, wọ́n á ta kókó kan sí i. Wọ́n wá fi kọ́ ìṣó lára òpó búkà tá a ti ń bẹ ẹ̀gẹ́. Lọ́jọ́ kejì, àńkárá búlúù ni "run" gbà. Bá a ṣe ń bá a lọ nìyẹn, ọ̀rọ̀ kan, àjákù kan, títí òpó náà fi kún fọ́fọ́.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Ìyá mọ gbogbo wọn. Wọ́n á kàn na ọwọ́ sókè, wọ́n á fa ọ̀kan yọ: "Bíréèkì rèé. Kókó méje ló ní. Ó yá, máa kà á." Lọ́jọ́ kan, mo ka ti "hand" dé márùn-ún, mo ní ó tán. Wọ́n ní ó ku ẹyọ kan. Mo jiyàn! Ta ló kàwé nínú àwa méjèèjì ná? Mo fi ìbínú ṣí ìwé mi wò. Ó ku ẹyọ kan lóòótọ́, ọwọ́ aago. Ìyá ń bẹ ẹ̀gẹ́ wọn lọ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sínú.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì ká ṣe ìdánwò, gbogbo ẹ̀ dà rú mọ́ mi lórí. Mo ju ọ̀bẹ sílẹ̀, mo bú sẹ́kún. Mo ní èdè ìkà ni èdè yìí, pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ò lè dúró sójú kan.

Ìyá jẹ́ kí n sunkún tẹ́rùn. Wọ́n wá ní, "Iyán là ń jẹ, àbí? Oyè náà là ń jẹ. Ayé là ń jẹ. Ìyà náà là ń jẹ. Ṣé ẹnu kan náà la fi ń jẹ gbogbo wọn? Ta ló kọ́ ọ nìyẹn?"

Mo ní kò sẹ́ni tó kọ́ mi.

"O gbọ́ ọ lẹ́nu èèyàn ni. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá ń bá rìn ni kó o máa wò, wàá mọ ibi tó ń lọ."

Àṣé bó ṣe rí nìyẹn! Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wo gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nítòsí kí n tó dáhùn. Gẹ̀ẹ́sì tó ti ń bá mi jà wá dẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ọ̀kadà ló gbé mi lọ ṣe ìdánwò. Ìyá ló yan gàrí tèmi mọ́ tiwọn lọ́jọ́ náà. Nígbà tí èsì jáde, ìdí agbada ni mo wà tí mo fi wò ó lórí fóònù. C5! Mo pariwo débi pé àwọn ará àdúgbò sáré wá.

Ìyá ò pariwo. Wọ́n jókòó, omi ń bọ́ lójú wọn. Mo rò pé ayọ̀ ni. Nígbà tí àwọn èèyàn lọ tán, wọ́n ní kí n jókòó, àwọn fẹ́ bẹ̀ mí.

Wọ́n ní nígbà tí mo bí Sékínà, bàbá mi wá bá àwọn. Bàbá mi ní kí n padà sílé ìwé, pé ìyá mi á bá mi tọ́jú ọmọ. Ìyá ọkọ mi ní rárá, pé ìyàwó ilé àwọn kì í wọ yunifọ́ọ̀mù. Wọ́n sì bẹ bàbá mi pé kí wọ́n má sọ fún mi, kó má baà dìjà láàárín èmi àti ọkọ mi.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bàbá mi ti kú! Títí wọ́n fi kú, ohun tí mo gbà ni pé inú ló bí wọn tí wọ́n fi pa ìwé mi tì. Mo máa ń lọ kí wọn lọ́dún Iléyá, ṣùgbọ́n n kì í pẹ́ níbẹ̀. N kì í sì í jẹun.

Bí mo ṣe ń ro èyí lọ́wọ́, àgbàlagbà yìí fẹ́ kúnlẹ̀ fún mi! Mo dì wọ́n mú kí orúnkún wọn tó kan ilẹ̀.

Irọ́ ni n ó pa bí mo bá ní inú ò bí mi. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, "ẹ kú iṣẹ́" nìkan ni mo ń bá wọn sọ. Ṣùgbọ́n mo ro ó. Ta ló fipá mú wọn sọ ọ́? Bàbá mi ti lọ, kò sẹ́ni tí ì bá tú u. Wọn ì bá dákẹ́, kí n máa dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn títí ayé. Àti pé mo nífẹ̀ẹ́ wọn. Kò tán nínú mi, bó ti wù kí inú bí mi tó.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, èmi ni mo ní kí wọ́n múra. A gun ọ̀kadà lọ sílé bàbá mi ní Ìlúà, a dé ojú oórì wọn. Ìyá bọ́ bàtà. Wọ́n ní, "Àna mi, ọmọ yín ti yege. Èmi ni mo dí i lọ́nà. Ẹ̀yin lẹ fẹ́ kó lọ." Wọ́n wá rìn sẹ́yìn, wọ́n fi èmi àti bàbá mi sílẹ̀. Mo jókòó tì wọ́n. Mo pẹ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má jẹ́ kó lé yín sá. Ọ̀rọ̀ kan ò dá rìn rí, ẹ máa wo àwọn tó ń bá a rìn. Ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an kọ́ ni mo tìtorí ẹ̀ kọ èyí. Ṣé ẹnì kan wà tẹ́ ẹ ti ń bínú sí láti ọjọ́ pípẹ́, tẹ́ ẹ ò tíì gbọ́ tẹnu rẹ̀? Ẹ sọ ọ́ fún wa nísàlẹ̀ níbí. Àmọ́ tó bá ṣì wà láyé, ẹ kọ́kọ́ lọ bá a ná.