Ngaire Eléṣinṣin Lọ Sódò

Bí ẹ bá dé ìlú Gore ní Southland lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ Sátidé, tí ẹ rí àwọn àgbà ọkùnrin mẹ́ta mẹ́rin lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn ilé kan, tí wọ́n ṣí fìlà, tí wọ́n ń ṣe jẹ́jẹ́ bí ọmọ iléèwé tó ń dúró de ọ̀gá, ẹ má wulẹ̀ béèrè. Ilé Ngaire Dunlop nìyẹn. Eṣinṣin ni wọ́n wá gbà.

Kì í ṣe eṣinṣin tó ń bà lé oúnjẹ o. Èyí tí Ngaire ń ṣe, ìyẹ́ ọrùn àkùkọ ni, òwú ni, irun ehoro díẹ̀ ni, gbogbo rẹ̀ ló ń wé mọ́ ìwọ̀ ìpẹja kan tí kò ju hóró ìrẹsì lọ. Bó bá wé e tán, á jọ kòkòrò tó ń fò jáde nínú odò Mataura lọ́sàn-án, tí ẹja tíráótì máa ń yọjú sókè wá gbé mì. Ó sì gbọ́dọ̀ léfòó. Ọ̀kan kì í jáde nílé rẹ̀ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ jù ú sínú àwo omi tó wà lórí tábìlì ìdáná, kó wò ó bóyá á dúró sórí omi. Èyí tó bá rì, á tú u palẹ̀, á tún un wé.

Ọwọ́ obìnrin yìí yá, ẹnu rẹ̀ sì yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Hughie Baird, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀, ló sábà máa ń ko àgbákò.

"Ngaire, jọ̀ọ́, bá mi fi nǹkan funfun díẹ̀ sí i lẹ́yìn. N kì í rí i lórí omi mọ́."

"Hughie, ṣé ìwọ lo fẹ́ jẹ ẹ́ ni?"

"Rárá o, ṣùgbọ́n—"

"Ṣé ẹja ń rí i àbí kò rí i?"

"Ẹja ń rí i."

"Ó parí. Lọ ra jígí ojú."

Àwọn tó kù á bú sẹ́rìn-ín, Hughie á gba eṣinṣin rẹ̀, á gba ilé lọ. Kò sí ọdún tí ẹnì kan kì í dán an wò, kò sì sí ọdún tí Ngaire kì í fi ẹni náà ṣe yẹ̀yẹ́. Kòkòrò odò kì í ní funfun lẹ́yìn, nítorí náà kò sí ohun tó máa mú un fi sí i. Bẹ́ẹ̀ obìnrin tó ń fọ́nnu yìí, kò fi ọ̀pá ìpẹja kan omi rí láyé rẹ̀! Wattie ọkọ rẹ̀ ló ń lọ sódò, Ngaire ló ń wé eṣinṣin nílé, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn látìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra wọn. Nígbà òtútù èṣí, Wattie ṣubú láàárín àwọn àgùntàn rẹ̀, kò sì dìde mọ́.

Àwọn méjì ló wá kù nílé: Ngaire àti Màmá Effie, ìyá Wattie. Ìjà ni wọ́n ń jà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Màmá Effie á ní tíì Ngaire rí bí omi ìṣanwọ́. Ngaire á ní bọ́tà tí Màmá ń fi sí búrẹ́dì oníwàràkàṣì tó láti fi kun ilé. Wọ́n á jà lórí fèrèsé, ọ̀kan ní kí wọ́n ṣí i, ìkejì ní kí wọ́n tì í. Ẹni tó bá ń gbọ́ wọn láti ìta á fẹ́ sáré pe ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n bí onítọ̀hún bá yọjú wolé, á rí i pé orí tábìlì kan náà ni wọ́n jókòó sí: Màmá Effie, pẹ̀lú awò ńlá tí ń sọ nǹkan di gbàǹgbà, ń ṣa ìyẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, gígùn sápá kan, kúkúrú sápá kan, ó ń tì í sọ́dọ̀ ìyàwó ọmọ rẹ̀, Ngaire ń wé.

Lọ́jọ́ Ajé kan nínú oṣù Kẹta, fóònù dún. Moira ni, àbúrò Wattie obìnrin, tó ń gbé ní Dunedin. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, tó jẹ́ ọjọ́ tí Màmá pé àádọ́rùn-ún ọdún. Ó ní òun ti ṣètò yàrá kan sílẹ̀, pé bí àwọn bá ti ṣe ọjọ́ ìbí tán, kí Màmá kúkú tẹ̀ lé òun lọ, kó máa bá òun gbé.

"Mo gbọ́," ni Màmá Effie wí, ó sì gbé fóònù fún Ngaire.

Ngaire fẹ́ kígbe pé rárá o. Ẹ wá gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀: "Ó dáa bẹ́ẹ̀, Moira. Ilé tìẹ móoru ju ibí lọ."

Irú èèyàn wo la tiẹ̀ jẹ́ ní Southland yìí ná? Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ ọ́, wọ́n á gbé odindi ẹran àgùntàn wá fún ọ, wọ́n á bá ọ tún ọgbà ṣe, wọ́n á bá ọ la igi ìdáná tí kò ní jó tán títí ọdún á fi yí po. Ṣùgbọ́n kí wọ́n la ẹnu, kí wọ́n ní "mo nífẹ̀ẹ́ rẹ", wọ́n á kúkú padà lọ la igi sí i. Ó máa ń bí mi nínú! Màmá Effie lọ gbé àpótí rẹ̀ jáde, ó ń di ẹrù. Ngaire jókòó ti ìwọ̀ rẹ̀, omi ń lé sí i lójú, kò rí òwú tó ń wé mọ́.

Ohun tó wá sí i lọ́kàn ni pé kí òun fi ẹja tíráótì tí wọ́n fi èéfín igi mánúkà yan ṣe ọjọ́ ìbí Màmá. Kò sí oúnjẹ tí Màmá fẹ́ràn tó o, látìgbà tí Wattie sì ti kú, kò tíì kàn án lẹ́nu. Bí Màmá bá jẹ ẹ́, á mọ̀ pé ilé òun ṣì ni ilé yìí, á mọ̀ pé òun Ngaire kò fẹ́ kó lọ. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé òfin orílẹ̀-èdè wa kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta tíráótì. Kò sí lọ́jà, kò sí ní ilé oúnjẹ. Àfi kí o pa á, tàbí kí ẹni tó pa á ta ọ́ lọ́rẹ.

"Màá fún ọ ní méjì," ni Hughie wí. "Kí ló le níbẹ̀?"

"Ẹja tí ìwọ bá pa, tìẹ ni. Èmi fẹ́ kí Màmá rí i pé ọwọ́ tó lè pẹja ṣì kù nínú ilé yìí. Kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ju eṣinṣin sódò."

Hughie ṣí fìlà rẹ̀. "Ọlọ́run á ṣàánú fún wa," ló wí.

Lọ́jọ́bọ̀, ó fi ọkọ̀ gbé e lọ sí ibi tí odò ti ṣẹ́ kọ́nà lẹ́yìn oko kan. Ngaire wọ bàtà rọ́bà Wattie tó gùn dé ìgbáròkó, ó ki ìwé àṣẹ ìpẹja bọ àpò, ó di ọ̀pá mú bí ẹni fẹ́ fi pa ejò.

"Rọra," ni Hughie wí. "Sẹ́yìn, dúró díẹ̀, síwájú. Má fipá."

Ó jù ú lẹ́ẹ̀kíní, eṣinṣin kọ́ igi wílò lọ́rùn. Ó jù ú lẹ́ẹ̀kejì, ó kọ́ fìlà Hughie. Ó tún un jù, ó padà sórí wílò. Apẹja gidi, bó bá rí bẹ́ẹ̀, á já okùn, á so eṣinṣin mìíràn, á gbàgbé ti àkọ́kọ́. Ngaire kọ̀ jálẹ̀. Ẹni tó jókòó wé e kò lè fi í sílẹ̀ sórí igi. Ó bọ́ sómi gbàrà-gbàrà, ó di ẹ̀ka mú, ó ń mì ín jìgìjìgì, omi ń ta sókè.

"Ngaire! Ẹja wà lábẹ́ igi yẹn!"

"Iṣẹ́ mi náà wà lórí ẹ̀!"

"Ẹja ti sá lọ o!"

"Kí ó máa lọ! Mo ti rí i gbà!" Ó gbé eṣinṣin náà sókè bí ẹni gba ife ẹ̀yẹ. Hughie jókòó sórí koríko, ó tú tíì láti inú fúláàsì, nítorí kò sí ohun tó tún kù tí èèyàn lè ṣe.

Bí oòrùn ṣe yọ díẹ̀ láàárín ìkùukùu ni àwọn kòkòrò bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Wọ́n ń yọ lójú omi lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyẹ́ wọn dúró ṣánṣán, odò ń gbé wọn lọ díẹ̀, wọ́n á sì fò. Ọ̀kan bà lé Ngaire lápá aṣọ. Ó tẹjú mọ́ ọn. Láti ọjọ́ tó ti ń wé eṣinṣin tó jọ wọn, inú páálí ìṣáná ni Wattie máa ń kó wọn sí wálé fún un, òkú ni wọ́n sì máa ń jẹ́ kí wọ́n tó dé.

"Hughie, wọ́n ń jó," ló wí. "Wattie kò sọ fún mi pé wọ́n ń jó."

"Wattie kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni rí," ni Hughie dáhùn. "Wo ọ̀hún. Ẹja ti ń jẹun."

Lóòótọ́, lẹ́bàá òdìkejì, omi ń ṣe òrùka, òrùka. Ngaire ju okùn. Lọ́tẹ̀ yìí ó lọ dáadáa, ó sì balẹ̀ wọ́ọ́rọ́.

"Ó dáa! Níbo ló wà?"

Ngaire la ojú rẹ̀ sílẹ̀. Omi rí wúrúwúrú bí eérú, eṣinṣin náà rí bẹ́ẹ̀. "Ó wà níbẹ̀."

"Níbẹ̀ níbo?"

"Níbẹ̀ yẹn!"

Omi ta pàù. Ẹja ti gbé e, ó ti tu ú dànù, Ngaire kò tíì gbé ọ̀pá sókè. Ó tún un jù, ẹja tún gbé e, ó tún tu ú. Nígbà tó ṣe èyí títí, Hughie gbójú sókè, ó ń wo ìkùukùu, ó ń súfèé.

"Bó o bá sọ̀rọ̀, màá tì ọ́ sódò."

"Mi ò sọ nǹkan kan."

"Ò ń rò ó! Mo mọ̀ pé ò ń rò ó!"

Ngaire jáde nínú omi, ó rìn lọ síbi wáyà ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n fi ṣọgbà oko. Irun àgùntàn há síbẹ̀, funfun báláú. Ó já díẹ̀, ó fi ìka lọ́ ọ, ó yọ òwú tí kì í kúrò lápò rẹ̀, ó sì so ìdì funfun náà mọ́ ẹ̀yìn eṣinṣin rẹ̀. Kò wo ojú Hughie. Kò tiẹ̀ lè wò ó, torí ọkùnrin náà ti dùbúlẹ̀, ó ń fọwọ́ lu koríko, omi ẹ̀rín ń dà lójú rẹ̀.

"Ojú mi rí i o! Ngaire fi funfun sí i!"

"Bó o bá sọ ọ́ níta, o ò ní rí eṣinṣin gbà lọ́wọ́ mi mọ́ títí o ó fi kú."

"Sọ ọ́ kẹ̀? Màá kéde ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì!"

Ngaire jù ú. Funfun kékeré náà ń bọ̀ lójú omi, ó ń bọ̀, Ngaire ń wò ó kedere; ẹ̀ẹ̀kan náà ló wọlé sẹ́nu ẹja. Ó gbé ọ̀pá sókè, ọ̀pá tẹ̀ kọrọdọ.

"Hughie! Ó ń fà mí!"

"Jẹ́ kó fà! Má di okùn mú! Jẹ́ kó lọ!"

"Kó lọ síbo? Ọjọ́ ìbí Màmá ló ń lọ!"

Wọ́n bá a jà títí, Hughie bọ́ sómi pẹ̀lú bàtà tó fi ń lọ sọ́jà, ó sì fi àwọ̀n gbé e: ẹja aláwọ̀ ilẹ̀, ó tóbi, ó ní tótòtó pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ngaire kúnlẹ̀ tì í. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó ní, "Wattie, wò ó. Wò ó o."

Ọjọ́ Sátidé pé, Moira dé pẹ̀lú àkàrà òyìnbó ńlá kan. Ngaire ti yan ẹja, ó pọ́n, òórùn èéfín mánúkà gba ilé kan. Ngaire gbé e ka iwájú Màmá Effie, ó sì dúró, ó ń fi aṣọ ìdáná nu ọwọ́. Màmá jẹ díẹ̀. Ó tún jẹ díẹ̀.

"Ta ló pa á?"

"Èmi ni, Màmá."

"Ìwọ?"

"Èmi."

"Hùn," ni Màmá Effie wí. "Iyọ̀ rẹ̀ dín." Ó tẹ orí ba, ó ń jẹ lọ.

Wọ́n jẹ ẹja, wọ́n gé àkàrà, wọ́n mu tíì. Ngaire ń wo ojú Màmá bóyá á rí nǹkan níbẹ̀, kò rí nǹkan kan. Moira wo ojú ọjọ́, ó ní kí àwọn tètè máa lọ kí òjò tó dé, ó sì lọ gbé àpótí Màmá wá sí ẹnu ọ̀nà. Màmá Effie dìde, ó ń wá ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀.

Ngaire kò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Ẹ má lọ!" Ó pariwo débi pé Moira fò sókè. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ. Mi ò fẹ́ kí ẹ lọ. Mo nífẹ̀ẹ́ yín. Bí ẹ bá lọ, ta ni màá máa bá jà?"

Moira gbé àpótí kalẹ̀. "Ngaire, mo rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa tọ́jú Màmá ni. Torí ẹ ni mo ṣe ní kí n wá mú wọn. Ìwọ náà lo ní ó dáa bẹ́ẹ̀ lórí fóònù!"

"Ta ló sọ pé ó rẹ̀ mí?"

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó sọ ohunkóhun."

Màmá Effie ti padà jókòó. "Látọjọ́ tí fóònù yẹn ti dún ni mo ti ń retí kí ẹnì kan ní kí n má lọ," ló wí. "Mò ń di ẹrù, mò ń tú u, mo tún ń dì í, kí o lè ráyè sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́bọ̀ o jáde nílé, mo ní ó tán, kò tiẹ̀ fẹ́ bá mi jókòó mọ́. Àṣé ẹja lo lọ pa!"

"Mo rò pé bí ẹ bá jẹ ẹ́, ẹ óò mọ̀."

"Báwo ni n óò ṣe mọ̀? Ẹja ló wà lẹ́nu mi, kì í ṣe ọ̀rọ̀." Ó nawọ́ sí egungun ẹja tó kù nínú àwo. "Ẹja ni bàbá Wattie ń gbé fún mi títí ó fi kú. Ẹja ni Wattie náà ń gbé fún mi títí ó fi kú. Mo pé àádọ́rùn-ún ọdún lónìí, Ngaire, ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó la ẹnu sọ ọ́ fún mi."

Ngaire dì mọ́ ọn. Moira náà bú sẹ́kún lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìwọ," ni Màmá Effie wí fún un láti abẹ́ èjìká Ngaire, "gbé àpótí yẹn padà sí yàrá mi ná, kó o tó máa sunkún."