Ìyàwó Baba Ẹja-Ń-Fò Lójú Òkun

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó gbé Ìyá Alágbàfọ̀ lọ sórí òkun, obìnrin tó ti fi ọdún mọ́kànlélógójì fọṣọ fún ará àdúgbò, ọ̀rọ̀ ọkọ ẹ̀ ni kó kọ́kọ́ bi í. Atukọ̀ ni ọkọ ọ̀hún. Gbogbo ìgbà tó bá ti ojú omi dé, á jókòó ti báàfù ìfọṣọ ìyàwó ẹ̀, á ní òun rí ẹja tó ń fò. Pé ẹja ọ̀hún á yọ látinú omi, á na apá bí ẹyẹ, á fò kọjá níwájú ọkọ̀, á tún kó wọ omi padà. Ìyàwó á fún aṣọ tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ títí ẹ̀kán omi kan ò ní kù síbẹ̀, á ní, "Ẹja ń fò, àbí? Lọ́la wàá ní adìyẹ ń lúwẹ̀ẹ́."

Òun ló sọ ọ́ ní Baba Ẹja-Ń-Fò. Àdúgbò gbà á lẹ́nu ẹ̀, tọmọdé tàgbà, orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọkùnrin ọlọ́kùnrin bí epo ṣe ń lẹ̀ mọ́ aṣọ funfun. Ọjọ́ tí wọ́n sin ín, èèyàn tó wá kẹ́dùn ò rántí orúkọ tí ìyá ẹ̀ sọ ọ́.

Ohun tó ń dun Ìyá Alágbàfọ̀ nìyẹn. Kò sọ fún ẹnì kankan o. Ẹnu téèyàn fi ń bú ọkọ kì í tètè yá láti fi bẹ̀ ẹ́. Àmọ́ bó bá lè fojú ara ẹ̀ rí ẹja yẹn, á mọ̀ bóyá òpùrọ́ lòun fẹ́ àbí òun lòun ba ọmọlúàbí lórúkọ jẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí ọmọ ẹ̀ obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní òun ti gbàyè fún un nínú ọkọ̀ afẹ́ kan, ọjọ́ márùn-ún lórí òkun, kó lọ sinmi, kí àbúrò bàbá òun obìnrin sì bá a lọ, kò jiyàn rárá. Ẹnu ya ọmọ. Obìnrin tí kì í gbé oògùn ẹ̀fọ́rí mì láìkọ́kọ́ bú u!

Àbúrò ọkọ yìí, Awẹ́lẹ́wà ni Ìyá Alágbàfọ̀ ń pè é láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, 'ẹ' ló sì fi ń bá a sọ̀rọ̀. Awẹ́lẹ́wà náà ò yé pè é ní "ìyàwó wa", bẹ́ẹ̀ eyín mẹ́rin péré ló kù lẹ́nu ìyàwó.

"Ìyàwó wa, kí lo ń wá lọ sójú òkun gan-an?" ló bi í bí wọ́n ṣe ń gun àtẹ̀gùn ọkọ̀.

"Ìsinmi ni."

"Irọ́ ni. Ẹja lò ń wá."

"Awẹ́lẹ́wà, ẹ gbé ẹrù yín, ẹ má dínà."

Ìwé tí wọ́n fi polówó ọkọ̀ náà wà nínú báàgì ẹ̀. Nínú àwòrán tó wà níbẹ̀, wíńdò yàrá fẹ̀ bí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, obìnrin kan sì dùbúlẹ̀ sẹ́bàá omi ìlúwẹ̀ẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò bímọ rí. Yàrá tí wọ́n mú àwọn méjèèjì lọ, ìsàlẹ̀ pátápátá ló wà. Ó há débi pé ẹni tó bá fẹ́ yíra padà lórí bẹ́ẹ̀dì ní láti tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹnì kejì. Àmọ́ kọ́tìnnì wà lára ògiri, pupa rèǹtè-rente. Inú Ìyá Alágbàfọ̀ dùn. Ó fa kọ́tìnnì sí ẹ̀gbẹ́ kan, fàà!

Àwòrán òkun ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri.

Awẹ́lẹ́wà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Ìyàwó wa, òkun rè é! Ẹja dà?"

"Ó ti fò lọ," ni Ìyá Alágbàfọ̀ wí, ó fa kọ́tìnnì dé e.

Lọ́jọ́ kejì, ó gòkè lọ síbi tí èèyàn ti lè dúró wo omi. Wọ́n ti fi okùn dí i, wọ́n ń kun irin ibẹ̀ lọ́dà. Omi ìlúwẹ̀ẹ́ inú àwòrán ti gbẹ fúrúfúrú, bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ń gbatẹ́gùn nísàlẹ̀ ẹ̀. Erékùṣù tí wọ́n ní ọkọ̀ máa yà sí, wọ́n ní atẹ́gùn ò gbà. Wọ́n tò fún oúnjẹ àárọ̀ títí ó fi di oúnjẹ ọ̀sán. Wíńdò pọ̀ ní yàrá ìjẹun lóòótọ́, àmọ́ iyọ̀ òkun ti gbẹ mọ́ gbogbo ẹ̀ lójú, èèyàn ò rí kọjá ojú ara ẹ̀. Awẹ́lẹ́wà ò bìkítà ní tiẹ̀, ó ti rí àwọn opó mẹ́ta tí wọ́n jọ ń ta káàdì, ó sì ń rẹ́ wọn jẹ. Ìyá Alágbàfọ̀ nìkan lọkàn ẹ̀ ò balẹ̀. Ọjọ́ ń lọ, kò tíì rí omi, áńbọ̀sì ẹja.

Ti bẹ́díṣíìtì ló wá burú jù. Ògiri kan ló pààlà yàrá wọn pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ọkọ̀, ẹ̀rọ ń lọ gìrìgìrì látàárọ̀. Obìnrin sá fún aṣọ fífọ̀, aṣọ fífọ̀ wọkọ̀ tẹ̀ lé e! Ká tiẹ̀ ní wọ́n mọ̀ ọ́n fọ̀ ni. Ó fọwọ́ pa ṣíìtì, ó gbóòórùn ẹ̀, ọṣẹ ṣì wà nínú ẹ̀. Wọ́n ṣan án bí ìgbà téèyàn ń kí ẹni tí ò fẹ́ràn. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ara ẹ̀ ò gbà á mọ́. Ó ká ṣíìtì méjèèjì, ó ṣan wọ́n nílé ìwẹ̀, ó fún wọn, ó lọ sá wọn sórí irin tó wà lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò mọ̀ pé àmì ibi tí èrò máa sá gbà bí iná bá ń jó lòun fi ṣíìtì bò.

Kò pẹ́ tí ọkùnrin kan fi dé, aṣọ funfun, bọ́tìnnì góòlù.

"Màmá, ta ló sá aṣọ síbí?"

"Ẹni tó ṣan án dáadáa ni."

"Ẹ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀, mà. A ní àwọn tó ń fọṣọ."

Ìyá Alágbàfọ̀ wo kọ́là ẹ̀. Ó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. "Ọmọ mi, ṣé àwọn náà ló fọ èyí tó wà lọ́rùn ẹ yẹn?"

Ọkùnrin yẹn fọwọ́ bo ọrùn.

"Ẹ má bínú," ni Awẹ́lẹ́wà ké láti ẹnu ilẹ̀kùn. "Ìyàwó ilé wa ni. Bó ṣe rí látilé nìyẹn."

Ọkùnrin náà ní kó kálọ, kó lọ fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ fún ọ̀gá àwọn afọṣọ. Ọ̀gá ọ̀hún, obìnrin sìgbọnlẹ̀ kan tí òógùn bò, ti fọwọ́ lé ìbàdí dè é.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ ní aṣọ tí mo fọ̀ ò mọ́?"

"Ó mọ́. Ọṣẹ lẹ ò jẹ́ kó jáde. Tí áyọ́ọ̀nù gbígbóná bá ti bá ọṣẹ lára aṣọ, ó ń sè é ni, ó sì máa pọ́n. Ẹ ṣan án lẹ́ẹ̀mẹta, kẹ́ ẹ kán búlúù díẹ̀ sí omi ìkẹyìn."

Obìnrin náà mú ṣẹ́ẹ̀tì kan, ó ṣan án lẹ́ẹ̀mẹta, ó lọ gbé áyọ́ọ̀nù lé e. Ó gbé kọ́là ẹ̀ sókè síbi gílóòbù wò. Ó wo kọ́là, ó wo Ìyá Alágbàfọ̀.

"Màmá," ló wí, "ẹ wá jókòó."

Àpótí tó tì sí i wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò róbótó kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju omi lọ. Ìgbì ń ṣan án látìta láìsinmi, iyọ̀ ò ráyè gbẹ síbẹ̀, ó mọ́ gaara. Ẹ rí i, nínú odindi ọkọ̀, wíńdò kan ṣoṣo tí wọ́n ṣan yó nìyẹn.

Ọjọ́ kejì ẹ̀, Ìyá Alágbàfọ̀ tún padà síbẹ̀. Ó ń bá wọn ká táwẹ́ẹ̀lì, ojú ẹ̀ ń bẹ lóde. Ó ku táwẹ́ẹ̀lì méjì nílẹ̀ nígbà tí omi là, tí nǹkan fàdákà kan na apá, tó sì fò lọ.

"Yéè! Awẹ́lẹ́wà! Ẹ gbà mí o!"

Awẹ́lẹ́wà sáré wọlé tòun ti káàdì lọ́wọ́, ó rò pé ó ti jóná ni. Ó wo òkun, òkun tẹ́ rẹrẹ bíi ṣíìtì tí wọ́n ti gbé áyọ́ọ̀nù lé.

"Ẹja ni! Ó fò!"

Awẹ́lẹ́wà kọ́wọ́ sẹ́yìn. "Ẹja ń fò, àbí? Lọ́la wàá ní adìyẹ ń lúwẹ̀ẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn bá a. Ìyá Alágbàfọ̀ tún kọjú sí wíńdò. Àfi bí omi ṣe tún là, ogún, ọgbọ̀n ẹja jáde pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n fò bí ẹyẹ tí wọ́n sọ òkò sí. Ọ̀gá afọṣọ pàtẹ́wọ́. Káàdì já bọ́ lọ́wọ́ Awẹ́lẹ́wà.

Ìyá Alágbàfọ̀ gbé iwájú orí lé gíláàsì. "Baba ọmọ mi," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́, "o ò purọ́. Má bínú." Lẹ́yìn náà ló wá fi táwẹ́ẹ̀lì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ká nu imú, ọ̀gá afọṣọ ò sì lè bá a wí.

Nígbà tí wọ́n délé, ọmọ ẹ̀ bi í bí ọkọ̀ ṣe rí.

"Yàrá ò dáa, oúnjẹ ò tètè dé, wíńdò irọ́ ni wọ́n fún wa."

"Yéè, màmá! Ẹ ò gbádùn ẹ̀ rárá nìyẹn?"

"Ta ló bá ẹ sọ bẹ́ẹ̀? Ìgbà wo la tún ń lọ?"

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ló ti ń tẹnu bọ ọ̀rọ̀ ẹja fún àwọn tó wá gbé aṣọ wá. Aládùúgbò kan rẹ́rìn-ín, ó ní ẹja wo ló ń fò.

Ìyá Alágbàfọ̀ fún aṣọ ọwọ́ ẹ̀ gbẹ, ó sá a sórí okùn, kó tó dá a lóhùn.

"Ká ní ọkọ mi tiẹ̀ sọ pé adìyẹ ń lúwẹ̀ẹ́," ló wí, "báàfù yìí ni ǹ bá gbé fún adìyẹ."