Ìkíni Làmídì

Ọjọ́ Iléyá tí mo lọ wo Làmídì, àbúrò mi, ní Akanran kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé. Nígbà tí ìyá wa tẹ̀lé bàbá wa lọ sọ́run, ọ̀rẹ́ wọn kan ní Lálùpọn gbà mí tọ́, ẹ̀gbọ́n bàbá wa sì mú Làmídì lọ sí Akanran. Nígbà tí Màámi ṣì wà láyé, èmi ni mo máa ń pọ̀n ọ́n tí wọ́n bá ń yan gàrí. Nígbà tó mọ̀rọ̀ sọ, Àjọkẹ́ lásán ló ń pè mí. Màámi á ní, "Ọmọ aláfojúdi! Ẹ̀gbọ́n ẹ mà nìyẹn!"

Lọ́jọ́ Iléyá yẹn, ó ti tó ọdún mélòó kan tí a ti rí ara wa gbẹ̀yìn; mo gbé ẹ̀pà sísun tó fẹ́ràn dání. Bí mo ṣe rí i níwájú ilé, mo pariwo orúkọ rẹ̀. Ó sáré wá, ó wò mí, ó sì dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Àǹtí. Ṣé ẹ ń wá Màámi ni?"

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá wa rẹ́rìn-ín látinú ilé. "Ẹ wo ọmọ mi bó ṣe mọ èèyàn kí!"

Mo ní, "Làmídì, èmi ni, Àjọkẹ́."

Ó gba ẹ̀pà. "Ẹ ṣé, mà." Ó bá padà sídìí eré rẹ̀.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun pé wọ́n ń tọ́ ọ dáadáa. Ṣùgbọ́n lórí ìrun, ohun tí mo ń tọrọ ni pé kó tún fojú di mí lọ́jọ́ kan, kó ní, "Àjọkẹ́, níbo lo lọ?"