Agbọ̀n Tí Yemọja Dá Padà

Nínú ẹ̀sìn àwọn ará Bàhíà ní Brazil, ẹ̀bùn tí omi bá gbé padà wá sí etíkun, Yemọja kọ̀ ọ́ nìyẹn. Ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ bà mí jù nìyí láàárọ̀ Sátidé kan ní etíkun Al Mamzar, ní ilẹ̀ Lárúbáwá.

Ọmọ Bàhíà kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló bẹ̀ mí kí n sin òun lọ. Oyún méjì ti bàjẹ́ mọ́ ọn lára. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta wà nínú rẹ̀, Mọ́ńdè ni wọn yóò sì yàwòrán rẹ̀ wò. Nílé wọn, ìyálórìṣà ni ì bá bá a gbé ẹ̀bùn lọ sókun. Níbí, èmi ló rí, nítorí kò sí ohun tí mo rí nípa Yemọja tí n kò kà: bí tiwa ṣe jẹ́ ti odò Ògùn, tí tiwọn gba òkun, torí òkun ni wọ́n fi kó àwọn baba ńlá wọn kọjá. Nítorí ìwé kíkà yìí ló fi ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n.

A yan ìhà ọ̀sà, kí ojú má baà pọ̀. Òdòdó funfun, òòyà onígi àti dígí kékeré ló wà nínú agbọ̀n. Ó da lọ́fíńdà sórí òdòdó, ó sì mú ìgò náà padà sápò. Wọn kì í ju ìgò sómi mọ́, kí ó má baà sọ òkun di ìdọ̀tí. Ó ní, "Odò ìyá!" bí wọ́n ṣe ń kí i lọ́hùn-ún, ó gbé agbọ̀n lé omi.

Agbọ̀n náà lọ díẹ̀, ó yí po, ó padà wá síbi ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ó tì í. Ó tún padà. Ó wọ omi dé orúnkún, ó tì í jìnnà. Ó tún ń bọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ gbogbo ẹ̀, kí ni mo ṣe fún un?"

Kí n tó fèsì, ẹ̀ṣọ́ etíkun ti dé. Ní ìlú yìí, ẹni tí wọ́n bá sọ pé ó ń ṣoògùn lè dèrò ẹ̀wọ̀n, físà rẹ̀ á sì bá a lọ.

"Madam, kí lèyí?"

"Òdòdó ni. Ọjọ́ ìbí ẹ̀ ni." Èmi ni mo tètè dáhùn.

"Ẹ gbé e. Gbogbo yín lẹ rò pé garawa ìdọ̀tí lòkun. Khalas, ó tó!"

N kò lè wo ojú ọmọ Bàhíà náà, ni mo bá wo omi. Kò sí ìgbì kankan. Òkúta ni wọ́n tò dí ẹnu ọ̀sà náà. Kò síbi tí agbọ̀n fẹ́ gbà jáde.

Mo sọ ọ́ sí i létí. Ó gbé agbọ̀n kúrò lómi, ó fa òdòdó kan yọ, ó fi í pamọ́ sínú apá aṣọ rẹ̀, a sì kọjá sí òdìkejì, níbi tí òkun là gbalaja. Ó jù ú.

Ẹ̀rù wá bà mí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí eléyìí bá padà, kò sí òkúta tí a ó dá lẹ́bi.

Ẹni tó bá fún Yemọja lẹ́bùn kì í kẹ̀yìn sí i. Ẹ̀yìn ni a ń fi rìn, a di ara wa lọ́wọ́ mú, ẹ̀ṣọ́ náà sì ń pariwo pé, "Yalla, ẹ máa lọ, madam! Ẹ wo iwájú yín!"

Ìgbì gbé òdòdó náà wá. Ó fà á lọ. Ó tún gbé e wá.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó ń lọ?"

"Máa wò ó."

Gìgísẹ̀ wa kan etí títì. Ohun funfun náà ṣì wà láàárín ìgbì méjì. A dúró síbẹ̀. Kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ yíjú.