Ẹni Tó Kọ́ Mi Nídìí Ààrò

Ọgbọ́n ọ̀gá tí mo bá ṣiṣẹ́ nílé búrẹ́dì ní Ìwó kì í ṣe kékeré. Èmi ni mò ń kó búrẹ́dì sínú ọ̀rá, tí mo sì ń tà á fáwọn oníbàárà. Ọ̀gá ṣòfin pé mi ò gbọdọ̀ dé ìdí ààrò, pé ẹni tó wà nídìí ààrò náà ò sì gbọdọ̀ bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ tó bá ti mọ iṣẹ́ méjì, ó ti fẹ́ sá lọ nìyẹn. Ẹ ò rí ìfẹ́ bí?

Ṣùgbọ́n àwẹ̀ dé, búrẹ́dì kì í sì í dúró de ẹni tó ń ṣínu. Mùsùlùmí ni ìyá tó ń bójú tó ààrò. Bí wọ́n bá ti lọ ṣínu, èmi ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni mo máa ń dúró dè wọ́n níbẹ̀. Wọ́n kọ́ mi bí mo ṣe máa fi òórùn mọ búrẹ́dì tó jinná, àti bí mo ṣe máa fìka gbá a nídìí láti mọ̀ bóyá inú rẹ̀ ti gbẹ. Lọ́jọ́ Ìsinmi tí mo bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn náà á bá mi fara da ẹnu àwọn oníbàárà. Ọ̀gá ò mọ̀ sí i. Nílé ni ọ̀gá ti ń ṣínu tiwọn, wọn kì í sì í wá lọ́jọ́ Ìsinmi.

Nígbà tí ìyẹ̀fun wá wọ́n gógó, ọ̀gá ní ọ̀kan nínú àwa méjèèjì máa lọ. Iṣẹ́ yẹn sì ni mo fi ń bọ́ ọmọ. Ibi tá a ti ń bẹ̀bẹ̀ ni àṣírí ti tú pé èmi náà mọ ààrò. Mo rò pé wọ́n á bú wa ni. Rárá o, inú ọ̀gá dùn. Wọ́n wàásù fún wa pé òṣìṣẹ́ tó ń kọ́ nǹkan kún nǹkan làwọn ti ń wá tipẹ́. Wọ́n wá ní kí èmi tí mo kéré lọ́jọ́ orí máa ṣe iṣẹ́ méjèèjì, lówó oṣù kan náà, kí ẹni tó kọ́ mi máa lọ sílé. Ẹ kú orí pípé o, ọ̀gá.

Ó dùn mí wọra. Mi ò lè wo ojú ìyá náà. Wọ́n tún ìborùn wọn wé, wọ́n ní, “Yọ búrẹ́dì yẹn, ó ti jinná.”

Kò pẹ́ rárá tí ilé búrẹ́dì kan ní Olúpọ̀nnà fi gbà wọ́n, torí wọ́n mọ ààrò, wọ́n sì mọ ọjà á tà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pè mí pé wọ́n tún ń wá ẹnì kan.

Mo kúnlẹ̀ fún ọ̀gá, mo ní mò ń lọ. Wọ́n bi mí léèrè ẹni tó máa yan búrẹ́dì. Mo ní, “Ẹ̀yin náà ẹ kọ́ ọ, sà.”

Wọ́n wo ààrò, wọ́n wò mí. “Ta ló máa wá kọ́ mi?”