Irin Ni Ọ̀gá Kọ, Ìrìn Ni Mo Kà

Ẹ̀ẹ̀mejì ni etí tí mo ṣe ti purọ́. Ọ̀gá Múkáílà, ọmọ bíbí Ọ̀tà tó ni ṣọ́ọ̀bù wa ní Ilo-Awela ní Sango, ti là á mọ́lẹ̀ fún mi pé bó bá tún purọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, kí n padà sí ilé iṣẹ́ irin tí mo ti wá.

"Etí" là ń pe ẹ̀rọ náà. A ó dì í sínú ike tí omi ò lè wọ̀, àwọn oníbàárà wa á sì rì í sí ìsàlẹ̀ òkun. Ilẹ̀ ayé fúnra rẹ̀ ní òòfà, irin sì ni ọkọ̀ ojú omi. Bí ọkọ̀ bá ń kọjá, á da òòfà yẹn rú, etí á sì gbọ́, bí ọkọ̀ ọ̀hún tilẹ̀ pa gbogbo iná rẹ̀. Etí kan ṣoṣo lè sọ pé nǹkan ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ etí tí a tò tẹ̀léra, tí a fi wáyà so pọ̀, ló ń sọ ọ̀nà tó gbà àti bó ṣe ń yára tó. Iṣẹ́ yìí dùn mọ́ mi ju oúnjẹ lọ, èmi ọmọ Ìkirè tí kò rí òkun rí. Ooru ilé iṣẹ́ irin kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Mi ò fẹ́ lọ láìmọ ohun tí etí mi ń gbọ́.

A kì í dán an wò ní Sango, tírélà pọ̀ jù níbẹ̀. Oko kan ní Alapoti là ń lọ. Lọ́jọ́ tá a lọ lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀gá jókòó lọ́ọ̀ọ́kán sídìí kọ̀ǹpútà, kálukú wa sì dúró ti etí tó ṣe. Mo tún ka ìwé ìlànà tí ọ̀gá kọ fún wa: "Ko gbodo si irin nitosi eti." Mo dúró gbagidi. Mi ò tiẹ̀ lé eṣinṣin.

Ọ̀gá ké sí mi. "Rìsíkátù, etí rẹ ní ọkọ̀ ńlá kan ti gúnlẹ̀ sínú oko ẹ̀gẹ́."

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Omi lé ròrò sí mi lójú. Mo ní kí n tiẹ̀ lọ kírun Alásárì ná, kí Ọlọ́run bá mi dá sí i. Mo bọ́ bàtà sídìí ọ̀pẹ kan tó jìnnà díẹ̀, mo ṣe àlùwàlá, mo kírun. Ẹsẹ̀ lásán ni mo fi padà sídìí etí. Ọ̀gá ní ọkọ̀ ti lọ. Mo lọ wọ bàtà mi, mo padà dé. Ó ní ọkọ̀ tún ti dé.

Mo wo bàtà náà. Bàtà ilé iṣẹ́ irin ni, èyí tí wọ́n fi irin sí níwájú kí ẹrù má baà fọ́ èèyàn lọ́mọ ìka ẹsẹ̀. Mo bọ́ ọ, mo gbé e sún mọ́ etí, mo tún gbé e jìnnà. Ọkọ̀ dé, ọkọ̀ lọ. Ìgbà tí mo ń ṣe é lẹ́ẹ̀kẹrin ni ọ̀gá dìde wá bá mi.

"Ṣé o ò ka ìwé ni?"

"Mo kà á, sà. Ẹ ní kò gbọdọ̀ sí ìrìn. Mi ò rìn."

Ó wo ìwé, ó wò mí. "Irin ni mo kọ. Ohùn àárín kì í gba àmì."

"Ẹ ò fi àmì sórí ìyókù náà, sà."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní etí mi ò purọ́ rárá, kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ. Ó wá na báírò sí mi pé kí n tún ìwé náà kọ.

Etí mi yẹn ti wà nísàlẹ̀ òkun báyìí, ó ń gbọ́ ọkọ̀ tí èmi ò rí. Ìwé tí mo kọ là ń mú lọ sí Alapoti títí dòní, àlejò tó bá sì kà á a máa béèrè bóyá mọ́ṣáláṣí la kọ́ síbẹ̀. Ohun tí mo kọ ni pé: "Kò gbọdọ̀ sí irin nítòsí etí. Ẹ rìn bó bá ṣe wù yín, ṣùgbọ́n ẹ bọ́ bàtà."