Itọ́ Ẹni Méjì Nínú Ìgò Kan

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe jẹ́ èèyàn pàtàkì tó. Iṣẹ́ mi ni kí n máa gba itọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn. Ọdún márùn-ún ni mo fi jókòó ní yunifásítì, mo sunkún ìdánwò, mo wọ kóòtù funfun, mo búra níwájú àwọn àgbà iṣẹ́, kí n lè wá wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Òkè-Ìléwó, kí n máa sọ fún obìnrin tó tó ìyá mi pé, "Ẹ tutọ́ sí i, mà. Kò tíì tó. Ẹ tún tu." Bí àwọn ẹbí mi ní Aké bá bi mí pé kí ni mò ń ṣe gan-an, màá ní iṣẹ́ láàbù ni. Wọ́n á ní, "Ẹ́n-ẹ́n, ibà lẹ̀ ń yẹ̀ wò." Màá ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó yá ju àlàyé lọ.

Àlàyé náà rèé fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. Inú itọ́ ni DNA ẹni wà, ohun àjogúnbá tí bàbá fún ni ní ìdajì, tí ìyá fún ni ní ìdajì. Àbùkù kan máa ń wà níbẹ̀ nígbà mìíràn, tó jẹ́ pé obìnrin tó bá ni ín, jẹjẹrẹ ọyàn kì í jìnnà sí i. Àbùkù yẹn la máa ń wá. Bí a bá rí i, àwọn kan á máa lọ ṣe àyẹ̀wò lóòrèkóòrè, àwọn mìíràn á ní kí wọ́n gé ọyàn méjèèjì kí àìsàn tó dé. Itọ́ ṣíbí kan ló ń pinnu èyí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ibà.

Ọ̀gá wa ló ni ẹ̀rọ. Ọmọ Papalanto ni, ó ti lọ òkè òkun, ó sì ti dé, kò sì sí ọjọ́ kan tí kì í rán wa létí pé ó lọ. Òun ló lẹ ìwé mọ́ ògiri pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ lórí ìgò itọ́ tó ṣí sílẹ̀, nítorí pé itọ́ ẹlòmíràn bíńtín lè ba ti oní-nǹkan jẹ́. Ìwé dáadáa ni. Iwájú rẹ̀ gan-an ló sì máa ń dúró sí, tí á fi ìbọ̀wọ́ gbé fóònù sétí, tí á máa pariwo mọ́ àwọn tó ń bá a kọ́lé, tí itọ́ á máa fọ́n bí òjò. Bó bá parí, á fi ìbọ̀wọ́ yẹn kan náà tún fìlà rẹ̀ ṣe, á ní, "Ìmọ́tótó, ẹ̀yin èèyàn mi, ìmọ́tótó." A ó ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Àwa mẹ́ta péré la wà níbẹ̀: òun, ọkùnrin kan tó ń bójú tó ẹ̀rọ, àti èmi.

Ọjọ́ Mọ́ńdè kan ni Alhájà kan àti ọmọ wọn obìnrin wọlé. Ìtòkú ni wọ́n ti wá, ìdílé àwọn tó ń ta àdìrẹ láti ayé baba ńlá wọn. Ọmọ náà lé díẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ já ọmọ lẹ́nu ọmú, ó sì tún ń retí pé Ọlọ́run á fún òun ní òmíràn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo, ọmọ ìyá rẹ̀, ni jẹjẹrẹ ọyàn pa ní ọdún méjì ṣáájú. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ní kó wá tutọ́. Mo bi í, bí mo ṣe ń bi gbogbo wọn, pé kí ló fẹ́ ṣe bí èsì bá burú.

Kò tilẹ̀ ronú. "Kí wọ́n gé e, àǹtí. Méjèèjì. Mo ti bá dókítà sọ ọ́. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń wẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi kó tó kú. Mi ò lè jẹ́ kí ọmọ mi rí mi báyẹn."

Alhájà yíjú sí ògiri, tẹ̀sùbáà ń lọ lọ́wọ́ wọn.

Mo gbé ìgò fún ọmọ náà, mo fi ilà tí itọ́ gbọ́dọ̀ dé hàn án. Òfin wa ni pé ẹni tó ń gba itọ́ kò gbọdọ̀ gbójú kúrò níbẹ̀ títí wọn yóò fi fi ìdérí dé ìgò náà. Ó jọ pé àwọn oníná mọ òfin wa, nítorí ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n mú iná lọ. Mo sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ tan jẹnẹrétọ̀ kí ohun tó wà nínú fíríìjì má bàa bàjẹ́. Nígbà tí mo padà gòkè, ìgò ti kún dé ilà, ìdérí ti wà lórí rẹ̀, ìyá àti ọmọ jókòó jẹ́jẹ́. Inú mi dùn. Mo tilẹ̀ yìn wọ́n. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ mà yára!" Ọgbọ́n mi pọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ ka itọ́ náà tán. Àbùkù wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n fìrífìrí ló wà, ìyẹn ló kọ́kọ́ mú ara fu mí. Ohunkóhun tí èèyàn bá jogún, yálà kó jẹ́ ìdajì, bó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ òbí kan ló ti wá, tàbí kó jẹ́ odindi, bí àwọn méjèèjì bá jọ fún un. Kò sí òbí kan lábẹ́ ọ̀run tó ń fún ọmọ ní àjogúnbá fìrífìrí. Mo wá wo àwọn ibòmíràn tí kò kan àìsàn rárá. Bákan náà ni. Ibi tó yẹ kí ohun kan ṣoṣo wà, òmíràn ń yọjú díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ra ẹlùbọ́ tó wá bá gààrí nínú rẹ̀. Ẹni méjì ló wà nínú ìgò yẹn, ọ̀kan pọ̀, ọ̀kan kéré. Ó sì jọ pé ẹni tó kéré yẹn gan-an ló ni àbùkù.

Mo gbé e tọ ọ̀gá lọ.

"Àbùkù náà wà níbẹ̀ àbí kò sí?" ló bi mí.

"Ó wà, sà, ṣùgbọ́n..."

"Ó wà. Kọ ọ́ pé ó wà. Dókítà wọn ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ yìí."

"Ọ̀gá, ẹni méjì ló wà nínú itọ́ yìí. Wọ́n máa gé ọyàn obìnrin yìí nítorí itọ́ ẹlòmíràn!"

Ó dìde. "Ní láàbù tèmi? Kò sí ìdọ̀tí ní láàbù tèmi." Ó wá wò mí láti òkè délẹ̀. "Bó bá sì wà, ta ló gba itọ́ ọ̀hún?"

Mo ní ìbòmú wà lẹ́nu mi. Ó rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ, ọ̀rẹ́ mi àtàtà, ní òun á ràn mí lọ́wọ́. Ó ní, "A kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì, ẹ má bínú." Ó wá yẹ itọ́ náà wò bóyá àmì ọkùnrin wà nínú rẹ̀. Kò sí. "Obìnrin lẹni kejì!" ló kígbe, inú rẹ̀ dùn. Obìnrin mélòó ló wà ní láàbù wa? Ẹ ṣeun, ọ̀rẹ́ mi.

Ọ̀gá ní kí n tu tèmi náà, ká fi wé e. Mo tu ú pẹ̀lú ìbínú, ó sì kún dé ilà kíákíá. Ìgbà tí mo dé e tán ni ọ̀rọ̀ náà tó yé mi: bó bá jẹ́ pé èmi lẹni kejì, a jẹ́ pé èmi ni mo ni àbùkù. Mo gbé! Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń fi ohùn tútù sọ fún àwọn obìnrin pé, "Ẹ fọkàn balẹ̀, mà, ẹ jẹ́ ká dúró de èsì." Irú ọ̀rọ̀ rádaràda wo nìyẹn! Ọjọ́ mẹ́rin ni ẹ̀rọ fi ka tèmi, ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo ń ti ara mi mọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tí mò ń fọwọ́ tẹ ọyàn mi kiri. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí àdúrà òwúrọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, èmi tí àlùfáà wa ti bi ọkọ mi léèrè bóyá mo ti kó kúrò ní Abẹ́òkúta.

Èsì mi dé. Èmi kọ́ lẹni kejì, mi ò sì ní àbùkù. Mo jó, mo pariwo mọ́ ọ̀gá, mo pariwo mọ́ ọ̀rẹ́ mi. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó tán kí n tó rántí pé obìnrin kan wà ní Ìtòkú tó ń ka ọjọ́ de èsì tí wọn yóò fi gé ọyàn òun. Ojú tì mí. Mo jókòó, mo wá wo ẹni kejì náà bó ṣe yẹ kí n ti wò ó láti ọjọ́ kìn-ín-ní, ká ní kì í ṣe orúkọ ara mi ni mò ń jà fún. Kò sí ibi kankan tí òun àti ọmọ náà kò ti ní ohun kan pọ̀. Gbogbo ibi tí a kà pátá, ìdajì ti ọ̀kan wà lára èkejì. Àlejò kì í rí bẹ́ẹ̀. Ìyá àti ọmọ ló ń rí bẹ́ẹ̀.

Mo pe dókítà pé kó ṣì mú sùúrù ná, mo wọ máruwá, ó di Ìtòkú. Alhájà wà ní ìsọ̀, wọ́n ń ká àdìrẹ. Mo kúnlẹ̀ kí wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, lọ́jọ́ tí iná lọ yẹn, ta ló tutọ́ sínú ìgò?"

"Ọmọ mi ni."

"Òun nìkan?"

Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo béèrè bóyá omi máa ń tutù. "Mo ṣàdúà sí i. Mo ka Fátíhà sí i lẹ́ẹ̀meje, mo wá tu ú sí i. Àbí ẹ rò pé màá jẹ́ kí wọ́n gbé itọ́ ọmọ mi lọ láìládùúà?"

"Ẹ tutọ́ sí i, mà?"

"Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. A máa ń ṣe é sómi, a máa ń ṣe é sórí ọmọ tó ń sunkún. Ẹ̀yin ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́, ṣebí òróró lẹ̀ ń dà sí tiyín?"

Òótọ́ ni. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, obìnrin Mẹ́tọ́díìsì kan ti fi òróró pa ìgò tirẹ̀ níṣojú mi. Ọ̀gá mi tó kàwé ní òkè òkun kọ ọ̀rọ̀ èémí sára ògiri, ó kọ ti ìbọ̀wọ́, ó kọ ti eruku; kò rántí kọ ọ́ pé kí ìyá má ṣàdúrà fọ́mọ.

Mo ní kí àwọn méjèèjì padà wá, kí kálukú tu tirẹ̀ sínú ìgò tirẹ̀. Mo ṣàlàyé fún Alhájà pé a lè rí nǹkan lára tiwọn náà, pé kì í ṣe dandan. Wọ́n ní, "Ẹ gbà á." Lọ́tẹ̀ yìí, mo dúró tì wọ́n gbọnin. Iná tún lọ. Mi ò mira. Kí ohun tó wà nínú fíríìjì jẹrà tó bá wù ú.

Lọ́jọ́ tí èsì dé, ọmọ náà ni mo kọ́kọ́ pè wọlé. Mo ní, "Kò sí nǹkan kan lára yín. Ẹnikẹ́ni ò ní gé yín." Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ó dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Èmi náà sunkún, mi ò purọ́. Ó sáré jáde lọ pe ọkọ rẹ̀. Alhájà wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Dókítà ló yẹ kó sọ tiwọn fún wọn, ṣùgbọ́n wọn ò dúró de dókítà.

"Ó ti kúrò lára ọmọ mi?"

"Kò sí lára rẹ̀, mà."

"Ara mi ló wà."

Mo wolẹ̀. "Ara yín ló wà, mà."

Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Alihamudulilaahi!" Ẹ̀rín gba ojú wọn kan. "Ẹ ò mọ ohun tí mo sọ sínú ìgò yẹn. Mo ní Ọlọ́hun, ohunkóhun tó bá wà lára èyí tó ṣẹ́ kù fún mi yìí, gbé e kúrò lára rẹ̀, gbé e sí mi lára. Èmi ti jẹ, mo ti mu. Ó gbọ́ mi!"

Ó yẹ kí n dákẹ́. Ṣùgbọ́n mo mọ̀wé. Mo ní, "Rárá o, mà, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló rí. Ó ti wà lára yín láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí yín. Wọ́n máa ń jogún ẹ̀ ni. Ẹ gbọ́dọ̀ rí dókítà kíákíá." Mo sọ ọ́ tán, inú mi dùn pé mo ṣiṣẹ́ mi bí iṣẹ́.

Ọwọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀.

"Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Wọ́n máa ń jogún ẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Èyí àkọ́bí tó kú, lọ́dọ̀ ta ló ti jogún tiẹ̀?"

Mo ní, "Ọlọ́run ló mọ̀, mà."

Wọ́n wò mí, wọn ò bínú. "Ìwọ náà mọ̀," ni wọ́n wí. Wọ́n tún gèlè wọn wé, wọ́n béèrè ọjọ́ tí dókítà máa wà níbẹ̀, wọ́n ní kí n má ṣe sọ ọ́ fún èyí tó wà níta.

Mo ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ọmọ náà fò dìde, ó dì mọ́ wọn, omi ṣì wà lójú rẹ̀. "Àdúà yín gbà, màmá mi! Àdúà yín gbà!"

"Ó gbà, ọmọ mi," ni Alhájà wí.